Fúláàtì létí odò Thames, lórí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ gáàsì ti wà rí: ìbéèrè táwọn èèyàn wa máa ń béèrè

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, apá gúúsù ìlà-oòrùn la kó jọ sí, Peckham, Woolwich, Thamesmead, Abbey Wood, àwọn kan sì ti sọdá odò lọ sí Beckton àti Barking. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun wìtìwìtì báyìí, gbogbo etí odò yẹn, fúláàtì alájà ogún, alájà ọgbọ̀n, gíláàsì rẹpẹtẹ. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún èèyàn ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tà á ni irú iṣẹ́ tí ilẹ̀ yẹn ti ṣe kó tó di ibi tí wọ́n ń ta kọfí. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni. Greenwich Peninsula, ilẹ̀ tí odò Thames yí ká lápá mẹ́ta níbi tí gbọ̀ngàn O2 wà, ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ jù, àmọ́ a máa yà síbòmíì.

Kí ló wà ní Greenwich Peninsula kí O2 tó débẹ̀?

Ilé iṣẹ́ gáàsì ni. East Greenwich Gas Works lorúkọ ẹ̀, South Metropolitan Gas Company ló kọ́ ọ láwọn ọdún 1880s. Láyé ìgbà yẹn wọn kì í fa gáàsì látinú ilẹ̀ bíi tòde òní, sísè ni wọ́n ń sè é: wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé èédú ilẹ̀ wá, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enúgu nígbà kan, wọ́n á dà á sínú ààrò tí wọ́n dé pa, wọ́n á máa koná mọ́ ọn nídìí títí gáàsì á fi jáde lára ẹ̀, òun ni wọ́n fi ń tan iná títì òun náà ni wọ́n fi ń dáná nínú ilé. Ìdí tó fi jẹ́ etí odò ni wọ́n kọ́ ọ sí nìyẹn, ọkọ̀ èédú gbọ́dọ̀ ríbi gúnlẹ̀ sí. Àgbá gáàsì ràgàjì méjì ló wà níbẹ̀. Ìkejì, tí wọ́n kọ́ láàrin 1890 sí 1892, ló tóbi jù lágbàáyé nígbà yẹn, kó tó di January 19, 1917 tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe TNT, ohun abúgbàmù, fún ogun bú gbàmù ní Silvertown lódìkejì odò, èèyàn 73 ló kú, ìbúgbàmù yẹn sì ba àgbá náà jẹ́ láti ibi tó wà.

Nígbà tí gáàsì abẹ́ òkun North Sea dé ní ìparí àwọn ọdún 1960s, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ máa se èédú mọ́. Iṣẹ́ tán níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ tó tó 300 éékà sì wà lásán títí English Partnerships, àjọ ìjọba, fi rà á lọ́wọ́ British Gas ní 1997. Dome, gbọ̀ngàn ràgàjì tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, ṣí lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún 1999 parí, ọkọ̀ ojú irin Jubilee line ti dé North Greenwich lọ́dún yẹn kan náà, 2007 ni Dome wá di O2. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ wo Wizkid níbẹ̀ ní 2021, orí ilẹ̀ yẹn lẹ jó sí.

Gáàsì ti lọ, kí ló wá kù sínú ilẹ̀?

Gáàsì lọ, pàǹtí ẹ̀ ò lọ. Tí wọ́n bá ti se èédú tán, ọ̀dà dúdú tó ki máa ń jáde lára ẹ̀, pẹ̀lú omi kan tó ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Inú ọ̀dà yẹn ni benzene wà, ibẹ̀ náà ni naphthalene wà (káńfọ̀ tá a máa ń fi sáàárín aṣọ, òun gan-an nìyẹn) àti àwọn nǹkan míì bíi benzo(a)pyrene tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Kòtò oníbíríkì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́jú ọ̀dà sí, kòtò yẹn á là, á máa jò, ta ló ń wò ó nígbà yẹn? Tí wọ́n bá sì wá wó ilé iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kàn máa da àfọ́kù bíríkì sórí kòtò náà, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó tán.

Èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni erùpẹ̀ búlúù. Wọ́n máa ń jẹ́ kí gáàsì kọjá láàárín irin tó ti dógùn-ún kó lè gba imí ọjọ́ àti sáyánáìdì kúrò lára ẹ̀, tí irin yẹn bá ti gbà á títí tí kò lè gbà mọ́, á di búlúù, àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní blue billy, wọ́n á kó o dà síbi tó bá ṣáà ti gba ẹrù. Títí dòní, tí katapílà bá ń gbẹ́ ilẹ̀ gasworks tẹ́ ẹ sì rí erùpẹ̀ tó búlúù bíi ti ẹlú, òun lẹ rí yẹn.

Ẹ̀yin ará Beckton ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gasworks tiyín tóbi ju ti Greenwich lọ, 1870 ló bẹ̀rẹ̀, òkè tẹ́ ẹ sì ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ A13 tí wọ́n ń pè ní Beckton Alps, kì í ṣe òkè tí Ọlọ́run dá, pàǹtí gasworks tí wọ́n kó jọ ni. Ní 1989 wọ́n tẹ́ nǹkan sórí ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí èèyàn ti ń yọ̀ lórí ski. Ó ti kógbá wọlé tipẹ́.

Yàtọ̀ sí gáàsì, àwọn ilé iṣẹ́ míì létí odò tún fi òjé sílẹ̀, wọ́n fi àséníìkì sílẹ̀, wọ́n fi epo sílẹ̀, àti asibẹ́sítọ́ọ̀sì, irú tí wọ́n fi ṣe sílíǹgì ilé bàbá wa.

Ṣé wọ́n ti wá fọ ilẹ̀ náà mọ́ pátápátá?

Rárá o, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ kà.

Òfin ilẹ̀ England ò ní kí wọ́n dá ilẹ̀ padà sí bó ṣe wà kí òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í se èédú. Ohun tó ní kí wọ́n wò ni nǹkan mẹ́ta: májèlé tó wà nílẹ̀, ẹni tàbí ohun tó lè ṣe ní jàǹbá (ọmọ yín, odò, omi abẹ́ ilẹ̀), àti ọ̀nà tí májèlé máa gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá ti sí, lójú òfin kò séwu. Ìyẹn ló fà á tí ilẹ̀ kan náà fi lè dáa fún ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, kó má sì dáa fún ọgbà tí ọmọ ọdún méjì á ti máa fi ọwọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sẹ́nu. Ìyẹn náà ló sì fà á tó fi jẹ́ pé ọ̀dà ṣì lè wà nísàlẹ̀ fúláàtì tí wọ́n ń ta ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn, kó wà nísàlẹ̀ kọnkéré, kí ìwé sì pé.

Wọn ò rẹ́ yín jẹ o, òfin gbà bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ó bọ́gbọ́n mu, torí tí wọ́n bá ní kí wọ́n gbẹ́ gbogbo ẹ̀ jáde, a ò ní rílé kọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù títí ọmọ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ohun tẹ́ ẹ rà kì í ṣe ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n dé ní ìdérí lẹ rà. Ìdérí sì nílò ẹni tó ń mójú tó o, ìwé gbọ́dọ̀ wà tó sọ bó ṣe nípọn tó, ibi tó dé, àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Èyí tó yá jù ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n kó o sí lọ́rì, kí wọ́n lọ dà á sí ààtàn tí ìjọba fọwọ́ sí. Owó ẹ̀ pọ̀, torí láti 1996 ni ìjọba ti ń gba owó orí lórí ohun tí wọ́n bá dà sí ààtàn, èmi ò sì fẹ́ràn ẹ̀, torí wọ́n kàn gbé ìṣòro kúrò níwájú ilé ẹnì kan lọ síwájú ilé ẹlòmíì ni.

Èyí tó wù mí ni ohun tí wọ́n ṣe ní Stratford. July 6, 2005 ni wọ́n kéde pé Lọ́ńdọ̀nù ló máa gbàlejò Olympics 2012, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò, létí odò Lea, ó ti jẹ epo, ọ̀dà, sáyánáìdì, àséníìkì àti òjé yó. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fọ ilẹ̀ wá síbẹ̀, márùn-ún. Ẹ̀rọ yẹn á po erùpẹ̀ mọ́ omi, á gbọ̀n ọ́n, òkúta àti yanrìn á bọ́ sápá kan ní mímọ́, ẹrẹ̀ kíkúnná tí májèlé lẹ̀ mọ́ á bọ́ sápá kejì. Bí ẹni ń sẹ́ ògì ni, àfi pé níbí èèrí la fẹ́, ògì gan-an la ń dà nù. Ilẹ̀ tí wọ́n fọ̀ lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n sì tún lò níbẹ̀ padà, wọn ò kó o jáde.

Àwọn ọ̀nà míì wà. Wọ́n lè kó ilẹ̀ elépo jọ gègèrè kí wọ́n máa fẹ́ atẹ́gùn sí i káwọn kòkòrò tí ojú ò rí lè jẹ epo náà, ó dáa àmọ́ ó ń falẹ̀, kò sì ràn ọ̀dà tó ti le. Wọ́n lè ri páìpù mọ́lẹ̀ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa oru benzene jáde. Wọ́n lè po símẹ́ńtì mọ́ ọn kó dì gbagidi. Ìgbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, wọ́n á wá tẹ́ ìdérí: aṣọ oníke kan, ó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ọsàn kí ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lè mọ̀ pé ibi tó yẹ kóun dúró lòun dé yẹn, lẹ́yìn náà erùpẹ̀ mímọ́ tí wọ́n rà láti ibòmíì, tó bá jẹ́ ibi tí ọgbà ilé máa wà, nǹkan bíi 60 sẹ̀ntímítà ni wọ́n máa ń béèrè.

Odò ńkọ́? Ṣé kò ní gbé májèlé náà wá padà?

Ìbéèrè tó dáa nìyí, àwọn tó ń ta ilé kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi Thames ń kún tó sì ń fà, omi abẹ́ ilẹ̀ tó wà nítòsí bèbè náà ń bá a rìn. Tí ògiri odò bá là, ọ̀dà á máa sun jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i tó ń dán lójú omi. Nítorí náà ògiri odò wà lára ìwẹ̀nùmọ́, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Níbi kan ní Greenwich Peninsula wọ́n tiẹ̀ gé ògiri irin kúrú, wọ́n wá ṣe àtẹ̀gùn ẹlẹ́rẹ̀ síwájú ẹ̀ tí wọ́n gbin koríko odò sí, ẹyẹ àti ẹja kéékèèké ti gba ibẹ̀. Odò tí àwọn onímọ̀ Natural History Museum sọ ní 1957 pé ó ti kú, tí kò lè gba ohun ẹlẹ́mìí mọ́.

Ohun kejì ni òpó. Ilé alájà ọgbọ̀n ò lè dúró lórí ẹrẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ri òpó kọnkéré jìnnà, òpó yẹn sì lè gba inú amọ̀ kọjá, kó ṣí ọ̀nà fún ọ̀dà láti lọ bá omi tó wà nínú àpáta ẹfun nísàlẹ̀. Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn lórí ìwé pé òpó yẹn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ri í.

Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí wa, ó ń rùn bí epo bẹntiróòlù. Ṣé ó lè pa wá lára?

Òórùn àti ewu kì í ṣe nǹkan kan náà, ó ṣòro fún ẹni tó ń gbóòórùn láti gbà. Ní Southall, ilẹ̀ gasworks tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Grand Union Canal, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aládùúgbò fi ń pariwo nípa òórùn nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ilẹ̀ yẹn, wọ́n ní orí ń fọ́ wọn, èébì ń gbé wọn. Àwọn aláṣẹ ìlera wọn afẹ́fẹ́, wọ́n ní ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ ò jọ èyí tó máa ṣe ìlera èèyàn ní jàǹbá. Àwọn ará àdúgbò ò gbà. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi, imú wa máa ń gbóòórùn naphthalene nígbà tó ṣì kéré gan-an, ìyẹn dáa, àmọ́ ẹni tí kò lè ṣí fèrèsé ní August ti jìyà, ẹ̀rọ yòówù kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Eruku ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju òórùn lọ. Corby, ní àáríngbùngbùn England, ni ẹ wò. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ irin tó wà níbẹ̀ pa ní nǹkan bí 1980, káńsù ra ilẹ̀ ẹ̀, wọ́n ń fi lọ́rì tí wọn ò bò kó ẹrẹ̀ olóró gba àárín ìlú kọjá fọ́dún mélòó kan, ẹrẹ̀ ń jábọ́ sójú títì, ó ń gbẹ, ó ń di eruku, àwọn aboyún ń fà á símú. Wọ́n bí àwọn ọmọ tí ìka wọn ò pé. Ní 2009 adájọ́ High Court sọ pé káńsù náà jẹ̀bi àìbìkítà, ọdún kejì ni wọ́n gbà láti san owó fún àwọn ìdílé náà. Ilẹ̀ tó wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, gbígbẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ láìbìkítà ló dá wàhálà sílẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń gbẹ́lẹ̀ nítòsí yín, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń bo lọ́rì, bóyá wọ́n ń fọ táyà ẹ̀ kó tó jáde, bóyá wọ́n ń wọ́n omi tí ilẹ̀ bá gbẹ. Tí wọn ò bá ṣe é, ẹ ya fọ́tò, ẹ pe environmental health, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìlera àyíká, ní káńsù yín lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ṣé òótọ́ ni pé bọ́ǹbù lè wà nílẹ̀ yẹn?

Òótọ́ ni. Àwọn Jámánì ju bọ́ǹbù sí etí odò yẹn gan-an nígbà ogun torí ilé iṣẹ́ àti èbúté ló kún ibẹ̀, èyí tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ ò bú nígbà míì. Ní February 2018 wọ́n rí ọ̀kan ní King George V Dock, ó di dandan kí wọ́n ti London City Airport pa. Àwọn tó ń kọ́lé máa ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé orí ẹ̀ ò nílò láti máa ronú ẹ̀.

Ta ló ń sanwó ìwẹ̀nùmọ́? Ṣé kì í ṣe ẹni tó da májèlé síbẹ̀ ni?

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Part 2A nínú Environmental Protection Act 1990, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní April 2000, sọ pé ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ni kó tún un ṣe. Tí wọn ò bá wá rí onítọ̀hún mọ́, ẹni tó nilẹ̀ tàbí tó ń gbé orí ẹ̀ ló kàn. Ẹ tún ìyẹn kà. Ẹni tó nilẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, tàbí ká sọ pé díẹ̀ ló kù kó ṣẹlẹ̀. Ìlú kékeré kan wà nítòsí Doncaster tó ń jẹ́ Bawtry, gasworks kan wà níbẹ̀ rí, wọ́n ti kọ́ ilé sórí ẹ̀ láti àwọn ọdún 1960s. Ní 2001 ẹnì kan ń gbẹ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ló bá kan kòtò ọ̀dà. Environment Agency wá fọ ọgbà ilé mọ́kànlá mọ́, wọ́n wá ní kí National Grid Gas, ilé iṣẹ́ tó ń pín gáàsì, sanwó, pé òun ló jogún àwọn ilé iṣẹ́ gáàsì àtijọ́. Ẹjọ́ dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà yẹn, ní 2007, ilé ẹjọ́ ní National Grid kọ́ ló da ọ̀dà síbẹ̀, àwọn tó dà á síbẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Lọ́rọ̀ kan, owó ìjọba ló gbé e. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bọ́, àmọ́ ìyọ́nú ni wọ́n rí gbà, òfin lè mú wọn.

Lórí ilẹ̀ tuntun etí odò, dẹ̀fẹ́lọ́pà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé tà, ló ń sanwó kí káńsù tó jẹ́ kó kọ́lé, ó dáa. Ṣùgbọ́n dẹ̀fẹ́lọ́pà kì í fi owó bàbá ẹ̀ ṣe é. Á kọ ọ́ sínú ìṣirò pé ilẹ̀ yìí ti ná òun ní báyìí-báyìí, èrè ò sí mọ́, ẹ jẹ́ kí n dín ilé olówó pọ́ọ́kú kù. Ní Greenwich Peninsula káńsù gbà kí wọ́n dín in kù ní 2013, torí ìṣirò pé èrè ò ní tó, wọ́n wá kọ̀ láti fi ìwé ìṣirò náà han aráàlú, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìsọfúnni ní kí wọ́n kó o jáde ní 2015. Lójú tèmi, níbi tí owó ìwẹ̀nùmọ́ bá wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá ilé káńsù ló ń san nínú ẹ̀, kò sì mọ̀.

Ìwé wo ni kí n ní kí lọ́yà béèrè?

Lọ́yà yín á ṣe environmental search, kò wọ́n, àmọ́ ìwé yẹn kàn ń sọ ohun tó ti wà lórí ilẹ̀ náà rí ni, kì í sọ bóyá wọ́n ti tọ́jú ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an ni verification report, òun ni ìwé tí àwọn ẹnjinníà kọ lẹ́yìn iṣẹ́, pé a gbẹ́ ibí, a tẹ́ ìdérí tó nípọn tó báyìí, èsì láàbù nìyí. Ẹ tún béèrè lẹ́tà tí káńsù fi gbà pé wọ́n ti mú ohun tí wọ́n kọ sínú planning condition, ìyẹn àwọn ohun tí káńsù ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lè kọ́lé, ṣẹ. Ẹ lè wá méjèèjì fúnra yín láìsan kọ́bọ̀, ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì káńsù, níbi tí wọ́n ń kó ìwé planning sí, ẹ tẹ orúkọ ilé náà, ẹ fara balẹ̀, fáìlì ibẹ̀ pọ̀ bí eṣú.

Ẹ ka ìwé ìdánilójú ọdún mẹ́wàá, irú ti NHBC, àjọ tó ń ṣe ìdánilójú ilé tuntun, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ olóró. Ẹ ka lease náà, ìwé àdéhùn ilé yín, ta ló ń tọ́jú ìdérí, ta ló ń tọ́jú ògiri odò, ṣé inú service charge yín, owó ìtọ́jú ilé tẹ́ ẹ ń san, ló wà? Mo mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ service charge ti fẹ́ ya ní wèrè, tí wọn ò sì mọ̀ pé ògiri odò wà nínú ẹ̀. Tí lọ́yà bá ní òun ò rí verification report, tí àwọn tó ń tà á sì ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ má tíì sanwó.

Ṣé mo lè gbin ewédú àti ẹ̀fọ́ sí ọgbà ibẹ̀?

Tó bá jẹ́ fúláàtì, inú ike ní báíkónì, ẹ máa gbìn ín lọ, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ ilé tó ní ọgbà lórí irú ilẹ̀ yẹn, ẹ ka verification report kẹ́ ẹ tó gbẹ́ nǹkan kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀dì onípákó kẹ́ ẹ ra erùpẹ̀ síbẹ̀, ẹ má gbẹ́ kòtò jìn, ẹ má gbin igi tí gbòǹgbò ẹ̀ máa wọlẹ̀ lọ. Òjé ni mo ń bẹ̀rù jù níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò ní England fún ilé tí wọ́n ń gbin oúnjẹ síbẹ̀ ni 200 mílígíráàmù nínú kílò erùpẹ̀ kan, yẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ewé sì léwu ju ohun tí ewé fà látinú ilẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ṣan ẹ̀fọ́ dáadáa, omi mẹ́ta, bí ìyá yín ṣe kọ́ yín. Kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn la tiẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yẹn kí dẹ̀fẹ́lọ́pà tó dé ńkọ́?

Wọ́n máa ń sọ pé ilẹ̀ òfìfo ni. Irọ́ ni. Ilẹ̀ tó dọ̀tí ló máa ń pọ́ọ́kú, ibi tó pọ́ọ́kú lẹni tí owó ò ká ń sá sí. Kí Olympics tó dé, KICC ti Pásítọ̀ Matthew Ashimolowo wà ní Waterden Road ní Hackney, ilé ìjọsìn tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, 2007 ni wọ́n ní láti kó kúrò níbẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n kó àwọn tó ń gbé ní ẹsíteètì Clays Lane jáde, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ àwọn tó ń dáko ní Manor Garden, àwọn wọ̀nyẹn ti ń gbin nǹkan síbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Títí dòní, ẹ wo Old Kent Road, ẹ ka iye ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn wa tó wà nínú wíàháòsì, kẹ́ ẹ wá lọ wo ìwé ètò tí káńsù ti ṣe fún òpópónà yẹn. Pásítọ̀ tí kò bá tíì ka lease ẹ̀, kó lọ kà á.

Ṣé irú ẹ̀ wà nílé?

Ó wà, àmọ́ òfin tó ń tọ́ ọ sọ́nà ò tíì gún régé bíi tibí. Òkobàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, etí ọ̀sà gan-an, ó ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń ṣètò láti kó àwọn onípákó ibẹ̀ lọ sí Àgbọ̀wá, kí wọ́n lè fi ilẹ̀ yẹn ṣe nǹkan míì. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú pákó àti epo ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Kí wọ́n tó kọ́ ẹsíteètì síbẹ̀, ta ló máa gbẹ́ ilẹ̀ lọ sí láàbù? Ẹ béèrè o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fowó ránṣẹ́ ra ilẹ̀ tuntun létí ọ̀sà.

Ti òjé le jù. Ní Zamfara, 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú torí eruku òjé látibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù láàárín agboolé. Ohun tí wọ́n sì fi gba àwọn tó kù ni èyí tá a ti ń sọ látòkè: wọ́n ha ilẹ̀ agboolé kúrò, wọ́n da ilẹ̀ mímọ́ lé e, nítorí tí wọ́n bá tọ́jú ọmọ ní ọsibítù tán tó sì padà sórí ilẹ̀ yẹn, òjé á tún wọ̀ ọ́ lára. Ní Ògìjò náà, ní Ògùn, àwọn aráàlú ti ń pariwo nípa èéfín àwọn tó ń yọ́ bátìrì mọ́tò. Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn á kógbá wọlé lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ wọn á di ọjà.

Mo ti ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ là níwájú búlọ́ọ̀kì wa, mo rí aṣọ aláwọ̀ ọsàn nínú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé àti ajá débẹ̀. Ẹ ya fọ́tò tó ní déètì. Ẹ kọ ímeèlì sí managing agent, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó búlọ́ọ̀kì yín, ẹ kọ ọ́ pé ìdérí ilẹ̀ ti ṣí, kì í ṣe pé ilẹ̀ là, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tún un ṣe. Ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí contaminated land officer ní káńsù, ọ̀pọ̀ káńsù ló ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, lábẹ́ environmental health lẹ máa bá a. Tó bá jẹ́ ilé-ẹgbẹ́ bíi housing association lẹ wà, àwọn lẹ kọ́kọ́ máa kọ ọ́ sí, káńsù ìkejì. Tí wọ́n bá rán ẹnì kan wá tó kàn da koríko tuntun lé e lórí, ẹ ní kó fi ìwé hàn yín pé ó wọn bí erùpẹ̀ ibẹ̀ ṣe nípọn tó kó tó bò ó.